Ẹ Rán Ènìyàn Wá Gba Ìwé Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà

Láti Lágeré,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà,
Àbújá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Òfin ilẹ̀ wa ní kí ìwé yòówù tí wọ́n bá tẹ̀ jáde ní Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé kékeré tí à ń tẹ̀ ní èdè Yorùbá níbí ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní Iléṣà tó múlé gbè wá, púpọ̀ nínú wọn kì í dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe dúró dè wọ́n ní Àbújá tàbí ní ẹ̀ka yín tó wà ní Òṣogbo mọ́. Ẹ rán ènìyàn wá gbà wọ́n.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ka ìwé Yorùbá kí àwọn atẹ̀wé tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń fi àmì ohùn sí i, tí mò ń tún sípẹ́lì ṣe, tí mo sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ bí ọdún tó kọ síbẹ̀ bá dá a lójú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé tí mò ń sọ yìí fi ń gba ọwọ́ mi kọjá, tí mo sì fi mọ iye wọn tó ń jáde àti bí wọ́n ṣe ń tètè di àwátì.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ìwé tí wọ́n jẹ́, nítorí pé wọn kì í polówó wọn nínú ìwé ìròyìn. Ìdílé kan á péjọ, wọ́n á ní àwọn àgbà ń lọ, ó yẹ kí àwọn kọ ìtàn àwọn sílẹ̀. Wọ́n á lọ bá baálé àti àwọn ìyá àgbà, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó ti jẹ oyè nínú agbolé náà, ibi tí baba ńlá wọn ti wá, oríkì, èèwọ̀, oko àti ààlà oko. Ìwé náà lè má ju ojú-ewé 40 lọ. Wọ́n á tẹ ẹ̀dà 200 tàbí 300, wọ́n á pín in níbi ayẹyẹ, ó sì parí síbẹ̀. Ìjọ kan á pé 100 ọdún, wọ́n á tẹ ìwé àjọ̀dún, ẹ ó sì rí orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní àdúgbò náà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀, ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé ìjọ sílẹ̀ àti orúkọ àwọn tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ni níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á tẹ ìwé nígbà tí wọ́n bá ṣí gbọ̀ngàn wọn. Ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ kan tó fẹ́ràn orin ọdún Èdì á lọ kó orin náà jọ lẹ́nu àwọn obìnrin àgbà, á fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sì ní rí ju ìdajì rẹ̀ tà. Àní ìwé ìsìnkú tí a máa ń pín fún àlejò, tí a bá yọ orin àti àdúrà kúrò nínú rẹ̀, ó sábà máa ń ní ìtàn ìgbésí ayé olóògbé: oko kòkó tó dá, ìlú tó ti ṣòwò, iṣẹ́ ọwọ́ tó kọ́ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Àwọn ìwé ńláńlá lórí Ifẹ̀ pọ̀, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ wọ́n. Gbogbo ayé ló mọ àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ nípa àwọn tó ń gbé agbolé tó kángun sí i ní ọdún náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ẹni tó fẹ́ ọmọ ẹni, ìjọ tí wọ́n dára pọ̀ mọ́ àti ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, inú ìwé kékeré tí mò ń sọ yìí nìkan ni yóò ti rí i. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Ifẹ̀ ló ní tirẹ̀: Ìlódè ní tirẹ̀, Mọ̀ọ̀rè ní tirẹ̀, Ìrẹ̀mọ ní tirẹ̀. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ pàápàá jẹ́ ọrọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà pọ̀ nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé. Mo máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà nígbà tí mo bá ń tún ìwé ṣe, bí àwọn tó ni ìwé bá tilẹ̀ ní kí n yí i sí ti gbogbogbò.

Ìwé wọ̀nyí kì í pẹ́ láyé. Bébà tí a ń lò fún wọn ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, irú èyí tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe láìyọ ohun tó ń ba bébà jẹ́ kúrò nínú rẹ̀; ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù mí lọ pé irú bébà bẹ́ẹ̀ á pọ́n, á sì máa ṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Pín-ìnnì irin tí a fi dè é láàárín á dípẹtà nígbà òjò, ìpẹtà náà á sì jẹ ojú-ewé méjì tó wà láàárín gan-an, níbi tó jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń fi àwòrán àwọn àgbà sí. Ikán wà níbẹ̀, òrùlé tó ń jò wà níbẹ̀, ọmọ tó fi ojú-ewé mélòó kan di àkàrà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti ìlú ńlá dé, wọ́n á palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, wọ́n á sì sun ìwé tí wọn kò mọ ohun tó wà fún.

Ìjà náà tún wà. Nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, èyí tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997 tí kò sì rọlẹ̀ títí di 2000, ilé jóná níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò sí ẹni tí yóò fi bébà wé ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlàáfíà padà, tí àwọn ènìyàn sì tún ilé wọn kọ́, àpótí ìwé tó jóná nínú yàrá bàbá kò ṣeé tún kọ́. Ká ní ẹ̀dà kan péré nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn ti wà lọ́dọ̀ yín kí iná tó dé, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú méjèèjì lónìí láìgbè sẹ́yìn ẹnì kankan ì bá rí ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ti kọ nípa ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ogun.

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ ìtàn gbára lé, The History of the Yorubas tí Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì Samuel Johnson kọ. Ọ̀yọ́ ni àlùfáà náà wà tó fi parí rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó ní 1899, ìwé náà sì sọnù sọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó rí i di òní. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílé jọ, tó sì tún ìwé náà kọ láti orí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Nígbà tó tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí wọ́n fi kó o ṣe kòńgẹ́ ọkọ̀ ogun Jámánì lójú agbami, wọ́n gbà á, ó sì di Amẹ́ríkà kí wọ́n tó rí ìwé náà gbà padà. Ó tó 1921 kí ìwé náà tó jáde, nígbà tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti di olóògbé. Ìwé àfọwọ́kọ ni, kì í ṣe ìwé títẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀, ohun tó gbà á là ni pé àkọsílẹ̀ mìíràn wà níbòmíràn. Lójú tèmi, ìdí pàtàkì tó fi yẹ kí ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè wà nìyẹn: kí ẹ̀dà mìíràn lè máa wà níbòmíràn, lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti máa ṣọ́ ọ.

Òfin kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Láti 1964 ni ilé iṣẹ́ yín ti wà. Òfin nọ́ńbà 29 ti 1970 là á sílẹ̀ kedere pé ẹni tó bá gbé ìwé jáde gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín láàárín oṣù kan, láti àpò ara rẹ̀. Méjì á wà lọ́dọ̀ yín títí láé, ẹ̀kẹta á lọ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà 25 ránṣẹ́, ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì jẹ́ 10. Òfin tó dára ni. Kò yọ ìwé tí ojú-ewé rẹ̀ kò pọ̀ sílẹ̀, kò sì yọ ìwé Yorùbá sílẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn ará wa kì í fi ránṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sọ pé àìbìkítà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ń bá wọn jókòó. Òfin sọ pé ẹni tó gbé ìwé jáde ni ọ̀rànyàn náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé ní Lágeré, á ní iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun lòun ṣe, àwọn ìdílé náà ló ni ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé náà, wọ́n á ní ilé ìtẹ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn kàn sanwó ni. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ìlú tí iléeṣẹ́ ìwé ńlá wà, iléeṣẹ́ náà á mọ̀ pé ojúṣe òun ni. Níbi tí a wà, ojúṣe náà bọ́ sáàárín ènìyàn méjì, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ ba láti he é.

Ọ̀rọ̀ ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, náà dá kún un. Ẹ̀yin ni ẹ ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní nọ́ńbà yìí ní Nàìjíríà, a sì mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni 978, tí 978 ti Nàìjíríà náà tún tẹ̀ lé e. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i lẹ́yìn ìwé kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó gbà á rò pé gbígbà á ti parí ohun gbogbo, pé nígbà tí ìjọba ti fún àwọn ní nọ́ńbà, ìjọba ti ní ìwé náà lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn tí kò gbà á, èyí tó pọ̀ jù, rò pé ìwé ńlá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló wà fún. Àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, owó orí ló kàn. Kò sí ẹni tó wá ṣàlàyé fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní ìsọ̀ wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yan òṣìṣẹ́ kan, láti Òṣogbo bí ó bá rọrùn, tí yóò máa wá sí Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ní àkókò tí a mọ̀. Kí ó máa yà sí àwọn ilé ìtẹ̀wé, láti Lágeré dé Sábó, kí ó sì gba ẹ̀dà mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kó ìwé lọ fún onítọ̀hún. Àsìkò tó rọrùn jù lọ láti gbà á nìyẹn. Atẹ̀wé mọ̀ pé ẹ̀dà díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e. Bí ó bá ti jẹ́ àṣà ní ìsọ̀ rẹ̀ pé ẹ̀dà mẹ́ta ti Àbújá wà lọ́tọ̀, á fi í sínú owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdílé kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé ń ṣe ìpàdé. Kí òṣìṣẹ́ yín lọ bá wọn níbẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, kí ó sì fún wọn ní ìwé pelebe kan tó ṣàlàyé òfin náà, èyí tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Èmi náà ti ṣetán láti bá yín kọ ìwé pelebe náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìtanràn bẹ̀rẹ̀. Ohun mìíràn wà tí yóò ṣiṣẹ́ ju ìtanràn lọ láàárín wa, òun ni lẹ́tà ìdúpẹ́. Bí ìdílé kan bá gba lẹ́tà tí òǹtẹ̀ Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wà lórí rẹ̀, tó sọ pé ìwé ìtàn agbolé wọn ti wà ní ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ọjọ́ tó dé àti nọ́ńbà tí a lè fi wá a, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á fi dígí bò ó, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀. Agbolé kejì á rí i, wọ́n á béèrè bí wọ́n ṣe rí i gbà. Mo mọ ìlú mi. Ìwúrí tó wà nínú kí a mọ orúkọ baba ẹni ní Àbújá kò kéré, kò sì yẹ kí ó kéré.

Ẹ̀bẹ̀ kejì tó so mọ́ èyí ni pé kí a ní ibi kan tí a ti lè máa fi ìwé sílẹ̀ láàárín ìlú ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹni tó tẹ ìwé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ yín ti padà má baà gbàgbé. Ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ní Iléṣà náà, tó fi mọ́ ti Yunifásítì Iléṣà tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2022. Bí ẹ bá bá ọ̀kan nínú wọn ṣe àdéhùn, tábìlì kan àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó sì wù mí pé kí ẹ̀dà kan nínú ohun tí a bá gbà níbí máa wà níbí. Òfin ti 1970 kà Ìbàdàn sí ibi tó yẹ kí ẹ̀dà kan wà. Kò sí ohun tó ní kí ìdílé tó fi tinútinú mú ẹ̀dà kẹrin wá má lè fi í sí Ifẹ̀.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ ìwé Yorùbá sínú àkójọ yín, nítorí pé ìwé tó wà lórí pẹpẹ tí ẹni tó ń wá a kò lè rí kò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù. Ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà kọ Yorùbá ní 1920 yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Iléṣà tí a ń kọ lónìí, ẹ ó bá a nínú ìwé àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí «Ilesha». Àwọn mìíràn fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn kò fi. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kọ orúkọ ìwé náà bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀, tí òmíràn sì yọ gbogbo àmì kúrò nítorí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò gbé e, akẹ́kọ̀ọ́ tó fi àmì pípé wá a kò ní rí nǹkan kan. Ohun tó tọ́ ni kí a kọ orúkọ ìwé bó ṣe wà lójú ìwé gan-an, kí a tún kọ ọ́ ní àkọtọ́ òde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń wá a lè rí i, yálà ènìyàn fi àmì sí i tàbí kò fi sí i. Kọ̀ǹpútà òde òní lè ṣe èyí láìsí ìnáwó ńlá. Ohun tó ń fẹ́ ni ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa láti jókòó tì í, àwọn tó kàwé Yorùbá jáde ní yunifásítì wa tí wọ́n ń wá iṣẹ́ sì pọ̀.

Ní ti Iléṣà, àpẹẹrẹ kan tó. Ní 1932, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan kọ ìtàn ìlú wọn ní Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Obòkun. Àwọn ọ̀mọ̀wé láti òkè òkun ti lò ó nínú ìwé tiwọn, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ ìwé tí wọ́n kà. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé girama ní Iléṣà lónìí bóyá ó ti fojú kàn án rí. Ìwé tí àwọn baba wọn kọ fún wọn, ní èdè wọn, ni ẹni tó wà ní London tètè rí kà jù wọ́n lọ. Èyí máa ń dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí gbígbà ìwé nìkan kò fi tó. Ó yẹ kí a lè rí i kà padà. Ẹ ti dá National Repository of Nigeria sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbésẹ̀ tó dára ni. Mo fẹ́ kí àyè ìwé Yorùbá kékeré wà níbẹ̀, kí a ya àwòrán ojú-ewé wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Èkó tàbí ní Kánádà lè kà á lórí fóònù rẹ̀. Ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè Wales ti ṣe irú rẹ̀. Ìlú Aberystwyth ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí ní 1907, ìlú etíkun tó ní yunifásítì, tí kò sì tóbi tó Ilé-Ifẹ̀ rárá. Wọ́n ti gbé àwọn ìwé ìròyìn wọn àtijọ́ títí di 1919 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú-ewé tó lé ní mílíọ̀nù kan, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èdè Wales tí ọ̀pọ̀ nínú ayé kò gbọ́. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á. Iye àwọn tó ń sọ èdè wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye àwọn tó ń sọ Yorùbá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà níbẹ̀, òfin tuntun ti 2022 sì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ awo náà wà níbẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n kọ ohun kan sínú ìwé wọn fún ọmọ bíbí inú agbolé nìkan, wọn kò fẹ́ kí gbogbo ayé kà á. Kí a bọ̀wọ̀ fún wọn. Kí òṣìṣẹ́ yín béèrè lọ́wọ́ ìdílé ní ọjọ́ tó bá gba ìwé, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀: ṣé kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn, tàbí kí ó wà ní ìpamọ́ di ìgbà kan, tàbí kí ẹni tó bá wá sí ilé-ìkàwé fúnra rẹ̀ nìkan máa kà á? Ìgbà tí a bá ti béèrè lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni wọ́n á tó lè fọkàn tán wa. Bí a bá gbé ìwé ẹnì kan síta láìsọ fún un, ìlú kékeré la wà, ìròyìn náà á dé gbogbo agbolé, a kò sì ní rí ìwé gbà mọ́.

Ní ti olú ilé yín tí wọ́n ti ń kọ́ ní Àbújá láti 2006, gbogbo wa ló ń retí ìparí rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ní 2025 pé ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, ní kí àwọn tó fẹ́ fún òun ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fi owó náà ran ilé-ìkàwé yìí lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí kò nílò kí ilé náà parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Òṣogbo sí Ifẹ̀, àpótí ìwé mélòó kan àti òṣìṣẹ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbà. Ẹ máa ń ṣe ìpolongo ìwé kíkà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. A lè so ó mọ́ ọn, kí ẹni tó wá sọ fún ọmọdé pé kí ó máa kàwé gba ìwé tí bàbá ọmọ náà kọ lọ lọ́jọ́ kan náà.

Àkókò tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni ọdún Ọlọ́jọ́. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá sílé nígbà náà, ìdílé àti ẹgbẹ́ sì máa ń kó ìfilọ́lẹ̀ ìwé wọn sí àkókò yẹn, nítorí náà iṣẹ́ máa ń kún ọwọ́ wa ní ìsọ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Bí òṣìṣẹ́ yín bá dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tó mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ́wọ́, èmi fúnra mi á mú un yíká àwọn ilé ìtẹ̀wé tí mo mọ̀, màá sì mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn baálé tí ìwé àtijọ́ wà nínú àpótí wọn, tí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn á jẹ́ kí a yà á bí a bá lè yà á lójú àwọn kí a má sì gbé e jáde kúrò nílé. Bí ó bá bọ́ sí i ní Ifẹ̀, kí ó tẹ̀ síwájú lọ sí Iléṣà nígbà ọdún Ìwúde. Mo ń retí èsì yín, mo sì ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ẹni tí a máa bá sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo, kí àwọn atẹ̀wé lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹ̀dà mẹ́ta yín sọ́tọ̀ láti ìsinsìnyí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ẹni tó ń ka ìwé Yorùbá fún àwọn atẹ̀wé ní Lágeré, Ilé-Ifẹ̀.